Ẹ̀rọ Orin Tí Kò Lójú

Nígbà tí Apple gbé iPod shuffle jáde ní oṣù kìíní ọdún 2005, àwọn tó ríran ló figbe bọnu. Ẹ̀rọ orin tí kò ní ojú tí wọ́n lè wò! Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ orin tó ń bọ̀? Àwọn tí ojú wọn kò ríran kàn rẹ́rìn-ín ni: ẹ káàbọ̀ o, ibi tí a ti ń gbé nìyí.

Ẹ̀rọ ọ̀hún kò lérò méjì. Tẹ àárín, ó kọrin. Tún un tẹ̀, ó dákẹ́. Òkè fún ariwo, ìsàlẹ̀ fún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan fún orin tó kàn, èkejì fún èyí tó kọjá. Àtàǹpàkò nìkan tó iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí ohun tó dára sinmi. Ní 2009, wọ́n kó bọ́tìnì kúrò lára ẹ̀rọ lọ sórí okùn íápíìsì. Bí okùn bá bàjẹ́, ẹ̀rọ ń wò yín, ẹ̀yin náà ń wò ó. Ká má purọ́ ṣá, ọdún yẹn náà ló kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ: ó ń dárúkọ orin àti olórin ní èdè 14. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Bí yóò ṣe pe Àyìnlá Ọmọwúrà, ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ní 2010, bọ́tìnì padà wálé. Ní 2017, wọ́n dá títà rẹ̀ dúró pátápátá. Bí tiyín bá ṣì ń kọrin, ẹ má tà á. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tà á dandan, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi.