Òrìṣà Inú Abọ́ Rọ́bà

Ìyá oníkíríìmù ìbóra kan ń po àpòpọ̀ nítòsí ọjà Ìyàrá: ìpara láti inú ike mẹ́ta, omi kan tó ń ta sánsán nímú, àti ìyẹ̀fun funfun tí kò ní orúkọ lára. Ó fi ọmọ orógùn rò ó títí ó fi kì. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án, ó wọ ìbọ̀wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, méjì lórí ara wọn. Àwọn oníbàárà tò síwájú rẹ̀, "Ọ̀kun o, Màmá," wọ́n ń na owó sí i kí wọ́n lè fi ohun tí kò jẹ́ kó kan ọwọ́ rẹ̀ pa gbogbo ara. Màmá fúnra rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin, ó ń dán.

Àpòpọ̀ yẹn rán mi létí Frankenstein, fíìmù tí James Whale gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1931, láti inú ìwé tí Mary Shelley gbé jáde ní 1818. Nínú rẹ̀, dókítà kan tí orí rẹ̀ ti dàrú ń hú òkú, ó ń mú apá ti lámọrín, ó ń mú ẹsẹ̀ ti làgbájá, ó rán wọn pọ̀, ó fi mànàmáná jí i dìde. Ọmọ iṣẹ́ tó rán lọ jí ọpọlọ gidi jẹ́ kí ìgò rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, ló bá gbé ọpọlọ ọ̀daràn wálé. Ẹ̀rù ba àwọn òǹwòran. Ẹ̀rù kí ni? Dókítà yẹn ṣì ń ṣe wàhálà, òru ló ń lọ gbẹ́ sàréè. Tiwa ńkọ́? Ẹsẹ̀ ara wọn ni àwọn oníbàárà fi ń rìn wá, wọ́n sì ń sanwó sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, ojú á pọ́n, ọrùn á rí tótòtó, orúnkún á dà bí eérú, oríkèé ìka á sì kọ̀ jálẹ̀, á ní dúdú tí Ọlọ́run dá òun lòun wà. Boris Karloff tó ṣe ẹ̀dá abàmì yẹn, pẹ̀lú gbogbo rírán tí wọ́n rán an, àwọ̀ kan ló ní.

Àwọn àgbà ní, "Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi": bí o kò lè tún mi ṣe, má bà mí jẹ́. Àwọn àgbà ò lajú. Ẹ̀bẹ̀ òde òní ni pé, òrìṣà inú rọ́bà, ohun yòówù kó o ṣe, ṣáà má ṣe mí bí o ti bá mi. Òrìṣà yìí sì ń gbẹ̀bẹ̀. Hydroquinone, èròjà tó ń bóra, á bó dúdú kúrò lónìí. Bó bá pẹ́ lára, á dá a padà sójú ní àbàwọ́n. Mákúrì inú irú ìpara bẹ́ẹ̀ á gba ara wọlé lọ bá kíndìnrín. Àwọ̀ á fẹ́lẹ́ débi pé bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fúnni, ojú ọgbẹ́ á ṣòroó rán. Ní 2023, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kéde pé ọ̀rọ̀ bíbóra ti di pàjáwìrì ìlera ní Nàìjíríà. Oníbàárà gbọ́, ó ní kí wọ́n yáa bu méjì fóun kí ìjọba tó gbẹ́sẹ̀ lé e.

Mi ò bá àgbàlagbà jà. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kì í yéé yin àwọn apọ́nbéporẹ́ àdúgbò, mo mọ ohun tó ń lé e. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà lórí ìlà yẹn tó pọn ọmọ tí kò tíì hu eyín. Ó ní ti ọmọ lòun wá rà, ó ti ń dúdú jù. Ẹ̀rín bá gbẹ lẹ́nu mi. Òkú inú fíìmù kò lẹ́nu tó lè fi sọ pé òun ò fẹ́. Ọmọ yìí náà kò ní in. Ìyá rẹ̀, ara rẹ lo ni, bó o bá fẹ́, máa bó o dé eegun. Ọmọ yẹn ò rán ọ níṣẹ́ kankan. Gbé e lọ sílé, kó o lọ fi àdí pa á lára.