Ẹ̀yin Elépo, Ẹ Fi Kúlà Wa Sílẹ̀!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ ìyà, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o, torí ó dá mi lójú pé ohun tí ojú mi ń rí ní Tákíé yìí, ojú tiyín náà ń rí i níbi tí ẹ wà. Ẹ jẹ́ kí ohun oníke kan le mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, kíá ni gbogbo àdúgbò á di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ epo! Ẹni tí kò lè yá yín ní igba náírà, òun náà ni yóò gbé agolo epo dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é.

Kúlà ìyàwó mi ni mo ń sọ, kúlà onígun mẹ́rin tó ń kó mọ́ínmọ́ín tó ń tà sí kó má baà tutù. Ọyẹ́ dé lọ́dún yìí, eruku gbéra láti aṣálẹ̀, láti ilẹ̀ Chad lọ́hùn-ún, ó gba Kánò kọjá, ó gba Ìlọrin kọjá, ó fo gbogbo ilé tó wà láti Sábó dé Ọjà Jagun, kò rí ibòmíràn tí yóò wọ̀ sí ní gbogbo ayé bí kò ṣe oríkèé ìdérí kúlà wa! Oríkèé le. Bí ẹ bá ṣí i, á han gooro, àwọn oníbàárà á sì wẹ̀yìn wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ké. Ìyàwó mi ní ọwọ́ mi ló wúwo. Èmi! Eruku ti Chad wá, ẹ̀bi di tèmi!

Báyìí ni àwọn elépo bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá kí. Mẹkáníìkì tó wà lójú títì ló ṣíwájú, ó gbé ọ́ìlì dúdú dání, ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò gbó. Ó ní, “Dádì, ẹ kán an sí i díẹ̀.” Sára ohun tí à ń jẹun nínú rẹ̀! Mo ní rárá, ó bínú. Ìyá kan gbé epo pupa dé. Mo ní, “Màmá, ẹ dákun, ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé epo pupa ń dì nínú ọyẹ́?” Wọ́n ní ọmọ ayé òde òní ò gbọ́ràn. Ẹnìkẹta gbé òrí wá láti Òkè-Ògùn, òrí tó dì ju epo lọ. Ẹnìkẹrin ní òróró ẹ̀pà ló dára jù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé bí òróró oúnjẹ bá pẹ́ níta, ńṣe ló ń ki, tó ń lẹ̀, tí eruku á wá máa rọ́ dé bá eruku níbẹ̀, tí ohun tó le díẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá di ohun tí a ò lè ṣí mọ́, tí wọn á tún wá bi mí pé, “Àbí ẹ ò fi òróró tí mo fún yín sí i ni?”

Ṣùgbọ́n ti àbúrò ìyàwó mi ló bà mí nínú jẹ́ jù. Yéè! Mo jáde fún ìgbà díẹ̀ péré, ó ti rẹ aṣọ sínú bẹntiróòlù, ó fi nu oríkèé iná oníbátìrì mi, iná tí mo ń ká ọrùn rẹ̀ sókè kí n lè rí ẹran inú ọbẹ̀ mi lálẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ti rí fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun nínú bẹntiróòlù rí, ó mọ̀ pé ńṣe ló ń yọ́. Pọlisitáírìnì ni fóòmù yẹn. Ike iná ọwọ́ àti ti fáànù sábà máa ń jẹ́ ABS, òun náà kì í sì í bá bẹntiróòlù ṣọ̀rẹ́. Níbi tí ike bá ti tẹ̀, tàbí tí ṣúkúrúù ti fún un, ibẹ̀ ni irú epo bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé tí yóò fi sán. Ìwà àrékérekè tó sì wà níbẹ̀ ni pé ó lè má sán lójú ẹsẹ̀! Elépo á ti gba ọpẹ́, á ti jẹ mọ́ínmọ́ín ọ̀fẹ́, á ti padà sílé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kí ọrùn iná tó kán sínú ọbẹ̀ yín.

Mo wá gba ṣọ́ọ̀bù lọ bí ọmọlúàbí. Ọmọ tó ń tajà na agolo WD-40 sí mi, ó ní ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Gbogbo iṣẹ́ kẹ̀! Ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1953, láti lé omi kúrò lára irin kó má baà dípẹtà. Ogójì tó wà lára orúkọ rẹ̀ jẹ́ iye ìgbà tí wọ́n pò ó kó tó jọ. Àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn kìlọ̀ pé ká má fi kan pọlikábónétì àti pọlisitáírìnì tó mọ́ gaara. Mo fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo, ọ̀rọ̀ náà kéré ju ẹyin iná orí lọ, mo yọ awò ojú mi, ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló ṣẹlẹ̀? Apá awò náà, oníke ni, ó le, kò ṣí! Ta ni mo ṣẹ̀?

Ìlú tí LAUTECH ti wà láti ọdún 1990 nìyí o, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí pé irú ike wo ni. Ó wà ní ìdí rẹ̀! Igun mẹ́ta kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní nọ́ḿbà nínú, Amẹ́ríkà ló mú un jáde lọ́dún 1988. Nọ́ḿbà 5 ni pọlipropilíìnì, ike tó láyà. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò ọṣẹ ìfọrun tí à ń ṣí tí à ń pa dé láìfi epo kankan sí i. Nọ́ḿbà 6 ni pọlisitáírìnì, ẹ má gbé bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì súnmọ́ ọn. Nọ́ḿbà 7 jẹ́ àdàpọ̀ oríṣiríṣi, pọlikábónétì lè sá pamọ́ síbẹ̀.

Ohun tó tún dùn mí ni pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló yẹ kó ṣáájú, kí ó gbẹ dáadáa, torí eruku nìkan ni wàhálà náà nígbà púpọ̀. Ta ló sọ fún mi? Kò sí! Omi àti ọṣẹ ò gbayì, kò sẹ́ni tó ń rù ú kiri kí wọ́n lè kí i kú iṣẹ́. Bí ó bá ṣì le lẹ́yìn ìyẹn, òróró sílíkónì ló bá ọ̀pọ̀ ike mu: ẹ̀kán kan, kí ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Ti kúlà oúnjẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ sí i lára pé kò léwu nítòsí oúnjẹ, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara pamọ́. Sílíkónì yìí náà ní ẹni tí kò bá ṣe: rọ́bà tí wọ́n fi sílíkónì ṣe, ọmọ ìyá rẹ̀, ńṣe ló ń mú un wú! Ẹ wá rí i pé ìyà ẹbí ò mọ sórí èmi nìkan. Nígbà tí mo sì béèrè òróró sílíkónì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò mọ́tò, wọ́n ní mọ́tò wo. Mo ní kúlà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín!

Ó tó gẹ́ẹ́. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá gbé epo wọ ilé mi, kó kọ́kọ́ dojú kúlà dé, kó ka nọ́ḿbà ìdí rẹ̀ sókè kí gbogbo ará ilé gbọ́. Bí kò bá rí i kà, kó lọ fi epo rẹ̀ se ọbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ bẹntiróòlù ni, kó lọ rọ ọ́ sí ọ̀kadà. Àbí mo ṣì í wí? Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí lọ́hùn-ún yẹn, ẹ má rò pé mi ò rí yín: kí ló wà nínú agolo tí ẹ gbé dání?