Dídá Eyín Mosasaur Mọ̀, Pẹ̀lú Àṣìṣe Òǹkọ̀wé

Mosasaur jẹ́ ẹran afàyàfà inú òkun tó parun ní nǹkan bíi 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìbátan awọ́nríwọ́n àti ejò ni, kì í ṣe dáínásọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dáínásọ̀ ni òǹkọ̀wé yìí pè é fún gbogbo àlejò tó wọ ilé rẹ̀ fún odidi oṣù mẹ́ta. Wọ́n ti rí egungun rẹ̀ ní ilẹ̀ Sókótó, orúkọ ìlú Goronyo níbẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ̀kan nínú wọn ní Goronyosaurus; ṣùgbọ́n Mòrókò ni èyí tó kún ọjà ti ń wá. Ní agbègbè Khouribga, wọ́n ń wa fọ́síféètì tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, eyín sì máa ń bá a jáde yanturu. Ẹran náà kì í yé pààrọ̀ eyín títí tó fi máa kú, nítorí náà ọ̀kan ṣoṣo lè fi ọ̀pọ̀ eyín sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹyọ kan kò fi wọ́n.

Owó pọ́ọ́kú yìí ló fa ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ òǹrajà lẹ́nu: eyín gan-an kì í sábà jẹ́ ayédèrú. Ohun tó yí eyín ká ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á po iyanrìn mọ́ gọ́ọ̀mù, wọ́n á mọ ọ́n bí àgbọ̀n ẹran, wọ́n á wá tẹ ojúlówó eyín bọ inú rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Erfoud ní Mòrókò, nǹkan méjì ni wọ́n gbé síwájú òǹkọ̀wé yìí: ẹyọ eyín kan tó sán, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí obì gbígbẹ, àti àgbọ̀n tí eyín mẹ́rin tò sí gẹẹrẹ. Àgbọ̀n ló mú, ní ìlọ́po márùn-ún owó ẹyọ. Ọmọ Ìbàdàn ni; ó ná an bí wọ́n ṣe ń nájà ní Dùgbẹ̀ títí ojú ọlọ́jà fi rẹ̀wẹ̀sì. Ojú tó rẹ̀wẹ̀sì kò sí lára àmì ojúlówó.

Iyanrìn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò lè yọ́ sínú omi. Òǹkọ̀wé yìí ṣe àyẹ̀wò náà láìmọ̀ pé àyẹ̀wò ni: eruku ló fẹ́ fọ̀ kúrò, níbi ìfọwọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Kò pẹ́ tí àgbọ̀n fi di ògì, tí ògì sì dí páìpù. Eyín mẹ́rin ló kù nísàlẹ̀. Mẹ́ta ṣe ṣóńṣó. Ìkẹrin rí róbótó bí orí olú, irú èyí tí mosasaur tó ń fọ́ ìkarahun jẹ ń ní. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti rí i nínú ṣọ́ọ̀bù pé ẹnu ẹran méjì ni wọ́n kó pọ̀. Ojúlówó sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òǹkọ̀wé yìí pariwo olè, ó dà wọ́n sínú ike ìdọ̀tí, ó sì jáde lọ ra òmíràn.

Èyí tó rà lẹ́ẹ̀kejì ń dán gbinrin, kò sán níbì kankan. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà á lẹ́rù. Eyín tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ sábà máa ń ní ìlà sísán tínńtín-tínńtín tó gba ara rẹ̀ lọ sókè, ṣóńṣó rẹ̀ lè ti jẹ, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í dọ́gba. Ti résìn tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dì yàtọ̀: awò tí ń sọ nǹkan di ńlá lè fi ihò róbótó tí afẹ́fẹ́ dá sí i hàn, àti ìlà tóóró níbi tí apá méjì mọ́ọ̀dì ti pàdé. Ó tún fúyẹ́, kì í sì í tutù lọ́wọ́ bí òkúta. Ọlọ́jà yá òǹkọ̀wé yìí ní awò. Iye owó ló fi wò.

Egungun tó ti di òkúta máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n nítorí ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Ìdí eyín ni wọ́n ń fi ahọ́n kàn. Orí rẹ̀ dán, kò lè lẹ̀. Lójú gbogbo èrò ọjà, orí eyín mẹ́tàdínlógún ni òǹkọ̀wé yìí lá, ó sì pe gbogbo wọn ní ayédèrú.

Abẹ́rẹ́ tí iná ti sọ di pupa á wọ résìn, òórùn ike á sì jáde. Kò ní wọ eyín gidi. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi tún eyín ṣe náà ń rùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ojú kan kò tó dán wò. Eyín aláwọ̀ obì àkọ́kọ́ yẹn, tí òǹkọ̀wé yìí fi ìtìjú padà lọ rà, rùn bí ike, díẹ̀ ló sì kù kó bá àwọn mẹ́rin ìṣáájú lọ. Iná ultraviolet (UV) tí wọ́n fi ń yẹ ayédèrú owó wò sàn jù: gọ́ọ̀mù sábà máa ń tàn lábẹ́ rẹ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti eyín, kò sì ba nǹkan jẹ́.

Àsìtóònù, omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ lára èékánná, ń tú ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù. Inú abọ́ gíláàsì ni wọ́n ń dà á sí, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí iná kò sí. Òǹkọ̀wé yìí dà á sínú ìdérí ike, lórí tábìlì ìjẹun ìyàwó rẹ̀. Eyín aláwọ̀ obì náà tú sí mẹ́ta: méjì bá ara wọn mu, ẹ̀kẹta jẹ́ ti eyín mìíràn. Ojúlówó ni gbogbo wọn. Ìdérí yọ́. Ojú ibi tí fáníìṣì ti bó lórí tábìlì rí róbótó, ó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7.