Àkàrà Tútù ní Itaparica

Ẹ̀bi mi ni. Ó wù mí kí n dì í ru àwọn ará erékùṣù Itaparica, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ṣojú ìyàwó mi, kò sì ní jẹ́ kí n purọ́ lọ.

Ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíìlì la ti lọ lo ìsinmi. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní São Joaquim, ní ìlú Salvador, nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà a ti gúnlẹ̀ sí Bom Despacho ní Itaparica. Etíkun ibẹ̀ gùn, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ti gbé Egúngún débẹ̀, títí dòní ni wọ́n sì ń bọ ọ́ ní Ponta de Areia. Ibi tí Egúngún bá wà, ṣé àkàrà á wọ́n níbẹ̀?

Inú ọkọ̀ ni Ìyá Ìbejì ti ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká bi àwọn èèyàn léèrè ibi tí oúnjẹ ti dáa."

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Àkàrà ni wọ́n ń pè ní acarajé. Ẹ̀kọ ni acaçá. Ẹ̀fọ́ ni efó. Epo pupa ni wọ́n fi ń sè é. Ta ló fẹ́ wá kọ́ ọmọ Ìbàdàn ní oúnjẹ ìyá rẹ̀?"

Ó ní ó dáa.

Ìyá alákàrà tí a kọ́kọ́ rí ní Mar Grande, lórí erékùṣù náà, wọ aṣọ funfun báláú, ó wé gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ní 2005 ni ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn, ó sì hàn lára ìyá yìí pé ó gbọ́. Epo ń hó yaya níwájú rẹ̀. Ó ń fi ṣíbí onígi ṣù ú, àkàrà kan tó ìkúùkù mi. Bó bá ti pọ́n, á fi ọ̀bẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi búrẹ́dì, á bu vatapá sí i, ìyẹn ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, ẹ̀pà, edé àti omi àgbọn rò. Á bu ilá lé e, á wá fi edé gbígbẹ dé e lórí. Kí wọ́n bu ọbẹ̀ sínú àkàrà, lójú tèmi, bí ẹni wọ agbádá lé ṣòkòtò péńpé ló rí. Ṣùgbọ́n itọ́ ti kún ẹnu mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá! Ẹ kú oòrùn!"

"Bom dia," ló fi dá mi lóhùn. Inú orin òrìṣà ni Yorùbá wọn kù sí, kò sí nídìí agbada. Ó wá bi mí pé, "Quente ou frio?"

Mo ti kọ́ ìyẹn lórí fóònù. Quente ni gbígbóná, frio ni tútù. Àkàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú epo, mo ro ti ètè mi. "Frio!" Mo pariwo rẹ̀ bí ọmọ tó mọ ìdáhùn ní kíláàsì. Ìyá wò mí tàánútàánú, ó dá ṣíbí tó fẹ́ kì bọ ìkòkò kékeré kan dúró, ó gbé àkàrà fún mi.

Ó gbóná fòò! Ètè mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ títí tí mo jẹ ẹ́, kò sí ata kan níbẹ̀, bí àkàrà ọmọ tó ń hu eyín. Ìyá Ìbejì ti dúró wo bí àwọn tó wà níwájú wa ṣe ń rà á. "Quente," lòun sọ, wọ́n sì da ata pupa lé tirẹ̀ títí epo fi ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ata ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, Bàbá Ìbejì. Kò kan iná."

Mo ní kó bù fún mi. Ó ní kí n máa jẹ tútù mi.

Ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá níbi oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà. Ilé oúnjẹ tí oníkálukú ti ń bu tirẹ̀ ni. Mo rò pé òde ìnáwó ni. Mo bu ìrẹsì, mo bu ẹ̀wà dúdú tòun tomi ẹ̀, mo to egungun ìhà màlúù lé e bí ẹni to igi ìdáná, mo fi ọ̀pẹ̀yìnbó dé e. Òṣùwọ̀n ló wà nípẹ̀kun tábìlì. Kílò ni wọ́n fi ń ta oúnjẹ, iye kan náà sì ni egungun àti ẹran. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti yàrá tí a sùn.

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó wọkọ̀ padà, a lọ jẹ moqueca: ẹja tí wọ́n fi tòmátò, àlùbọ́sà, omi àgbọn àti epo pupa sè nínú ìkòkò amọ̀. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ na ìka méjì, ó nawọ́ sí èmi àti ìyàwó mi. Mo ní ó ń béèrè iye ìkòkò. Mo na ìka méjì padà. "Dois!" Ìkòkò méjì ló gbé dé, wọ́n ṣì ń hó lórí tábìlì. Àṣé ìkòkò kan, èèyàn méjì ló ń jẹ ẹ́ yó.

Abọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gàárì! Gàárì elépo! Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Mo tọrọ omi tútù, mo rí ṣúgà nítòsí, mo da omi lé e. Gàárì tí mo mọ̀ á rì, omi rẹ̀ á mọ́ lókè. Eléyìí bẹ̀rẹ̀ sí í tu epo jáde: ojú epo roboto roboto léfòó, àlùbọ́sà díndín léfòó tẹ̀lé e. Farofa ni, iyọ̀ àti epo ni wọ́n fi yan án, orí ẹja ni wọ́n sì ń wọ́n ọn sí. Ọmọ kékeré kan ní tábìlì kejì bi ìyá rẹ̀ ní nǹkan kan, ìyá rẹ̀ yí i lórí padà. Ojú ti ń wò mí jù. Mo da ṣúgà sí i, mo mu ún tán.

Ìyá Ìbejì dìde lọ fọwọ́, bóyá kó lè ráyè rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin yẹn padà wá, ó nawọ́ sí ìkòkò kejì tí a kò fọwọ́ kàn. "Quentinha?"

Wọn ò ní rí mi mú nígbà kejì. Quente ni ata. Quentinha á jẹ́ ata wẹ́wẹ́. "Não! Não, obrigado!" Ó tún un bi mí. Mo fọwọ́ lé àyà, mo ní ó tó. Ó gbé ìkòkò wọlé, mo san owó ìkòkò méjì. Nígbà tí ìyàwó mi dé, tó béèrè èkejì, mo ní wọ́n ti gbé e wọlé. Ó rò pé wọ́n lọ dì í ni.

Ọkọ̀ ti ń lọ lójú omi nígbà tí ọkùnrin kan níwájú wa tú fọ́ìlì, tí òórùn ẹja gba gbogbo ibẹ̀. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ bi í léèrè ohun tó ń jẹ. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń di oúnjẹ, ó ṣe bí ẹni gbé e há abíyá. "Quentinha," ló wí.

Ìyàwó mi yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ìkòkò kejì ńkọ́? Kí lẹ sọ fún ọmọ yẹn?"

Mo ń wo òkun.