Òkú Kan Dìde Lórí Òkè Ìdànrè

Ẹ má bi mí léèrè ohun tó ṣe mí lábẹ́ àgbọ̀n. Síìpù ló bù mí jẹ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, kò tíì jinná, fídíò rẹ̀ sì ti rìn láti Alajue nílùú Ẹdẹ dé Èkó.

Àwa mẹ́rin la fẹ́ sun orí Òkè Ìdànrè mọ́jú nínú oṣù Kẹjọ yìí. Ìyá mi na ìró àǹkárá méjì àti ẹní sí mi. Mo fi ẹ̀rín gbà wọ́n. Mo ti rí àpò ìsùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn òyìnbó agùnkè máa ń wọnú rẹ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé, mo sì bá ọ̀kan pàdé lórí ọmọlanke onítòkunbọ̀. Ó nípọn, ó rọ̀, aláwọ̀ eérú. ₦10,000 ni wọ́n pè é, wọ́n gba ₦6,000 lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí bí wọ́n ṣe tètè gbà yẹn ti fu mí lára.

Wọ́n kọ -18 sára rẹ̀, wọ́n sì kọ C tẹ̀lé e. Mo rò pé ìlà lásán ni ìlà kékeré iwájú yẹn, bí ẹni fi ìlà sàmì ọjà tó fẹ́ rà. Dígírì 18! Mo ní bí òru orí òkè ṣe máa rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, àmì ìyọkúrò ni. Ibi tí omi ti ń di yìnyín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ní dígírì 18.

Mo ti wá lọ kàwé lé e lórí báyìí tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àpò ìsùn kì í mú ooru wá látibì kan. Afẹ́fẹ́ ló ń há mọ́ inú òwú rẹ̀, ara ẹni ló sì ń mú afẹ́fẹ́ náà gbóná. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló fúyẹ́ jù, àmọ́ bí omi bá kàn án, ó parí. Pọliẹ́sítà wúwo jù ú lọ, owó rẹ̀ kò tó ti ìyẹ́, ó sì máa ń gbìyànjú bó bá tutù. Nọ́ńbà ara rẹ̀ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Nínú ìlànà àwọn ará Yúróòpù, ọ̀kan wà fún ẹni tó fẹ́ sùn dáadáa, ọ̀kan fún ẹni tó lè mú un mọ́ra, ìkẹta sì wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí òtútù pa òun láàárín wákàtí mẹ́fà. Ìkẹta yẹn ni àwọn ọlọ́jà kan máa ń kọ gàdàgbà-gadagba. Bí èèyàn bá sì gun 1,000 mítà, nǹkan bíi dígírì mẹ́fà péré ni ooru fi ń dín kù. Òkè Ìdànrè kò tó 1,000 mítà. Àpò tí kò wúwo tó kílò kan, tí wọ́n ṣe fún dígírì 15 sókè, ti pọ̀ tó fún wa. Ìró àǹkárá méjì tí wọ́n rán pọ̀ náà tó, bí ẹní bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, torí ara àpáta ni òtútù ti ń wá.

Ta ló ń ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn fún wa? Kò sí. Ohun tí òyìnbó fi la ìgbà òtútù já ni wọ́n ń dì ní béèlì-béèlì wá sí ilẹ̀ olóòrùn. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní èèwọ̀ ni aṣọ àlòkù wíwọlé, òun náà ló sì kún títì. Inú ń bí mi o.

Mo gbé àpò kílò mẹ́ta náà gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600. Ẹ ti mọ ibẹ̀: ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè fi sílẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí ààfin Ọwá, ọba wọn, ṣì wà níbẹ̀. Láti 2007 ni UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó ń dúró de ìdánimọ̀ àgbáyé. Kí wọ́n ṣá má gbọ́ ohun tí mo lọ ṣe níbẹ̀.

Àpò náà fẹ̀ léjìká, ó há lẹ́sẹ̀, ó sì ní fìlà olókùn. Mo fa síìpù dé àgbọ̀n. Ẹ̀fọn ń kọrin, mo bá fa okùn fìlà náà títí ó fi ku imú mi nìkan níta. Kò pẹ́ rárá tí òógùn fi bò mí. Mo wá ọwọ́ síìpù, ó ti gé aṣọ inú àti abẹ́ àgbọ̀n mi jẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.

Mo yí gbirigbiri, mo fi ara ti ògiri, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò lẹ́sẹ̀ dídì lọ sídìí igbó. Òṣùpá ràn rokoṣo. Kí n tó mọ̀, àwọn aládùúrà mẹ́ta ló yọ sí mi, aṣọ funfun lọ́rùn wọn, agogo lọ́wọ́.

"Jésù o! Òkú ti jí!"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, síìpù ni!" Láti inú fìlà, "Ùù-ùùù" ni wọ́n gbọ́.

"Ó ń fọhùn! Padà síbi tí o ti wá!"

Aládùúrà kì í sá. Mo fò sún mọ́ wọn kí wọ́n lè gbọ́ mi yékéyéké. Ìyẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìyá àgbà àárín wọn fi Bíbélì lá mi ní agbárí, mo ṣubú yakata, wọ́n bo orí mi, wọ́n sì da odindi ìgò òróró àdúrà lé mi lórí, agogo ń dún kíkankíkan. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ dìde, orí ìdúbúlẹ̀ yẹn ni mo ti ṣe é.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi jí. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì. Ṣé ẹ rò pé wọ́n gbà mí? Fóònù ni wọ́n gbé sókè! Ọ̀kan tilẹ̀ ń sọ fún èkejì pé kó yí fóònù rẹ̀ dùbúlẹ̀ kó lè gba gbogbo wa. Mi ò tíì dárí jì wọ́n, mi ò sì mọ ìgbà tí n óò dárí jì wọ́n.

Òróró ló gbà mí. Bí síìpù bá gé aṣọ jẹ, ẹ má fà á síwájú: ẹ fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ dá ọwọ́ síìpù padà síbi tó ti wá, ọṣẹ, àbẹ́là tàbí òróró yóò sì mú eyín rẹ̀ yọ̀. Òróró ti rin ín gbingbin kí wọ́n tó rí imú mi tó ń mí. Ìyá àgbà fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí wàrà, mo yọ jáde, mo rin ṣìnkìn látorí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ẹdẹ ni mí, mà."

Wọ́n ní ìdáǹdè ńlá ni, kí n wá jẹ́rìí rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. N kò jiyàn.

Nígbà tí mo fọ àpò náà tán, ìyá oníyìnyín tó wà ládùúgbò wa ní Alajue ní kí n gbé e fún àwọn. Ohun tó ń há ooru mọ́lé náà ni kì í jẹ́ kí ooru ìta wọlé: wọ́n ń di yìnyín sínú rẹ̀ láàárọ̀, ó ṣì ń le koko nírọ̀lẹ́. Lánàá ni wọ́n ní kí n bá àwọn wá méjì sí i.