Kí Ló Wà Lẹ́yìn Ìyá Aláṣọ?

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ fa àga yẹn fún mi. Ṣé ẹ mọ Ìyá Aláṣọ tiwa yìí, ti yàrá tó kọjú sí kànga, tí kì í jáde láìwé gèlè, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun kò tíì pé àádọ́ta ọdún? Àkọ́bí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba o, àmọ́ ta ni yóò jókòó ṣírò ìyẹn lójú rẹ̀?

Nígbà tí ọdún Iléyá ku dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Ìpéǹpéjú wú, etí sú, ọrùn ń yún un. Oníbàárà á ní, “Ìyá, eélòó ni léèsì yìí?” ọwọ́ á ti wà lọ́rùn, kò ní lè dáhùn. Ó lo ọṣẹ dúdú, ó lo àdín, ó lo ìpara ilé olóògùn. Á lọ, á tún padà wá. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé ìparí oṣù ní í máa ń dé, ó ń dé déédéé ju owó oṣù lọ.

Ẹ̀yin náà mọ agboolé wa. Wọ́n ní ayé ni. Ìyá Ẹlẹ́ja ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, nítorí ìjà okùn ìsáṣọ èṣí. Ìjà yẹn! Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tórí pé ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà, Ìyá Ẹlẹ́ja ló ní okùn. Àmọ́ ta ló ń sá panla sí ẹ̀gbẹ́ léèsì funfun?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ obìnrin ló wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Dókítà ní àyẹ̀wò kan wà, kò ní abẹ́rẹ́, kò ní ẹ̀jẹ̀ fífà. Wọ́n á mú bíńtín nínú oríṣiríṣi nǹkan tí ara èèyàn sábà máa ń kọ̀: níkẹ́ẹ̀lì inú yẹtí, òórùn dídùn inú ìpara, èròjà rọ́bà, èròjà dáì irun. Fasilíìnì ni wọ́n po èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mọ́. Wọ́n á fi pílásítà lẹ̀ wọ́n mọ́ òkè ẹ̀yìn fún wákàtí 48. Èyí tí ara bá kọ̀, ojú ibẹ̀ á sú, á wú, á máa yún. Ó kọ́kọ́ bi í pé, “Mama, kí lẹ fi ń para lẹ́yìn?” Ìpara àdàlù tí wọ́n ń po sítẹ́rọ́ọ̀dù mọ́, èyí táwọn kan fi ń wá àwọ̀ pupa, lè bo èsì mọ́lẹ̀. Ìyá ní òrí nìkan ni. Òótọ́ nìyẹn o, mo ti rí ẹ̀yìn náà, ó dúdú minimini.

Bàbá Tíṣà, tí kò sí ohun tí wọn kì í mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Josef Jadassohn ló gbé àyẹ̀wò yìí jáde ní 1895, nígbà tó rí i pé oògùn mẹ́kúrì ń mú ara àwọn aláìsàn kan sú, ló bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lára kó lè dá a lójú. A ní ẹ ṣeun, Bàbá. Wọ́n fẹ́ bọ́ sórí Bismarck, a sá.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n lẹ àwọn nǹkan náà mọ́ ọn lẹ́yìn. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án, kò gbọ́dọ̀ làágùn, kò gbọ́dọ̀ họ ọ́. Nínú ooru Ìbàdàn! Kò tún gbọ́dọ̀ pọn ọmọ. Ẹ mọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ yẹn, tí kì í sùn àfi lẹ́yìn ìyá àgbà. Igbe rẹ̀ lóru yẹn, àwọn ará ilé kejì wá béèrè bóyá a nílò ìrànlọ́wọ́.

Ìgbà tó ń fi aṣọ tútù nu apá lẹ́yìn ilé ni ìyàwó Bíríkìlà yọjú, ló bá rí àwọn nǹkan tó tò lẹ́sẹẹsẹ lẹ́yìn, tí wọ́n fi bírò sàmì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. “Tírà ló wà lẹ́yìn Ìyá o!” Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Ẹlẹ́ja ti gbé ẹja gbígbẹ wá, ó kúnlẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ tìtorí òun ni wọ́n ṣe dè é mọ́ra, kí wọ́n jọ̀ọ́, okùn ò tó nǹkan. Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá Aláṣọ ṣe? Kò ṣàlàyé kankan. Ó gba ẹja, ó sè é.

Ọjọ́rú, wọ́n ṣí i wò. Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n tún wò ó, nítorí ohun mìíràn máa ń pẹ́ kó tó yọ. Dókítà ò fi ojú nìkan wá ibi tó pọ́n, torí pípọ́n kì í hàn dáadáa lára adúláwọ̀; ó fi ìka tọ́ ọ wò. Níkẹ́ẹ̀lì, kò sí nǹkan kan. Rọ́bà, kò sí. Ibi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PPD, tó wà nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú, ó wú gelete.

“Mama, ẹ ń fi dáì kun irun?”

Ìyá ní rárá. Ọmọ rẹ̀ gbójú sókè àjà. Dókítà ní orí fúnra rẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ sú, etí àti ìpéǹpéjú ló máa ń tú àṣírí. Ni inú bá bí Ìyá: “Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń kùn ún, kò ṣe mí ní nǹkan kan rí!” Ẹ gbọ́ mi bí? Ogún ọdún! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Dókítà ní ara lè gba nǹkan fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, bó bá sì ti kọ̀ ọ́, kì í sábà gbà á mọ́.

Dáì yìí kan náà ni wọ́n ń pò mọ́ làálì dúdú tó mú ọwọ́ ìyàwó tuntun ilé kejì lé roro. Làálì gidi kì í dúdú kírí báyẹn. Ní ti Bàbá Bíríkìlà tí ọwọ́ rẹ̀ ń là, wọ́n ní èròjà kan tó ń jẹ́ kírómétì wà nínú sìmẹ́ǹtì tí ara àwọn bíríkìlà mìíràn kì í gbà, kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó ní òun ń lọ. Láti ìgbà yẹn ló ti ń lọ, kò tíì dé ìdí mọ́tò.

Irun Ìyá Aláṣọ ti funfun báyìí, ó sì yẹ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà ń kúnlẹ̀ kí wọ́n tó ná ọjà, ìyẹn sì ti jẹ́ kí léèsì wọ́n sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra dáì sílẹ̀ de ọdún, ọjọ́ méjì ṣáájú ni kí ẹ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí, kì í ṣe àárọ̀ ọdún. Bó bá yún yín, ẹ gbé páálí rẹ̀ dání lọ bá dókítà, kí ẹ fi Ìyá Ẹlẹ́ja sílẹ̀.