Lẹ́tà ṣíṣí sí Alága àdúgbò wa, lórí ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ Badagry

Ẹ̀gbọ́n mi, Alága wa,

Mo ti rí iṣẹ́ tí ẹ rán sórí WhatsApp àdúgbò, pé lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, tọmọdé tàgbà wa ní Satellite Town máa wọ bọ́ọ̀sì lọ gbafẹ́ ní Badagry. Ẹ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ la máa gbéra, ẹ ní kí olúkúlùkù gbé kúlà rẹ̀ dání, ẹ sì fi àwòrán igi àgbọn kan tó tẹ̀ sórí omi tì í. Igi àgbọn náà dára lóòótọ́. Àmọ́ ẹ ò fi àwòrán Ìyànà-Ìbà sí i, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ la máa pẹ́ sí jù.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní, "Àbúrò, ṣé o ò lè wá bá mi nílé ni?" Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá wá sílé yín, ẹ máa fún mi ní màlítì tútù, ìyàwó yín máa gbé ẹran díndín tì í, kí n tó mọ̀, mo ti ní "kò burú, ẹ̀gbọ́n, a máa lọ." Ó sàn kí n sọ ọ́ níbi tí gbogbo àdúgbò ti lè jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ ká rántí ìgbafẹ́ tó kọjá. Aago mẹ́jọ yín kọjá aago mẹ́wàá, nítorí ẹ̀yin fúnra yín ń wá kọ́kọ́rọ́ géètì. Nígbà tí a máa dé Buba Marwa Road, àwọn táńkà tó ń lọ gbé epo ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá ti tò sápá kan, àwọn tó ti gbé epo tán tò sápá kejì, bọ́ọ̀sì wa wá ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn láàárín wọn. Marwa tí títì yẹn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni gómìnà ológun tó kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ Èkó, tí gbogbo wa fi ń pe kẹ̀kẹ́ ní Màrúwá títí dòní. Lójú títì tirẹ̀ gan-an, kẹ̀kẹ́ ò ríbi gbà lọ́jọ́ náà.

Ẹ ò lè gbàgbé ọmọ ọdún mẹ́fà tó jókòó sẹ́yìn yín. Láti ilé ló ti fẹ́ rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ kún, ó kó o sí ìdí, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ jókòó, ó wọ̀ ọ́ jẹun, ó wọ̀ ọ́ sùn. Àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ ló mọ ohun tójú wọn rí.

Ìyá Ìbejì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù títí a ó fi rí òkun. Ní Abúlé-Àdó, òfin ṣì múlẹ̀. Ní Trade Fair, ó ní kí àwọn ọmọdé nìkan mú ẹran kọ̀ọ̀kan. Ní Volks, òun fúnra rẹ̀ ló bu àwo àkọ́kọ́, ó sì bù ú kún. Ẹni tó ń ta gálà fún wa níbẹ̀ kò tiẹ̀ sáré tẹ̀lé ọkọ̀ kó tó fún mi ní ṣéńjì. Ó rìn lọ síwájú jẹ́ẹ́jẹ́, ó tajà fún bọ́ọ̀sì méjì mìíràn, ó wá dúró dè wá. Nígbà tí a ó fi rí òkun, oòrùn ti ń wọ̀. A wo omi díẹ̀, awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè pé òun ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lọ́nà. Ẹ̀yin dìde, ẹ ní, "Ẹ ṣáà dúpẹ́, a débẹ̀." Ẹ̀gbọ́n! Láti ọ̀dọ̀ wa sí Badagry kò pé 50 kìlómítà.

Ẹ máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn onídánfó. N ò ní gbèjà wọn, torí ẹni tó bá gbèjà onídánfó máa jẹ́jọ́ tí kò mọ̀dí ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Òun ló lọ sí Sẹ̀mẹ̀, tó gba Kútọnu, Lomé àti Accra títí dé Abidjan. Òun náà ni ọ̀nà ọjà Alaba International. Òun ni ti Trade Fair, òun ni ti àwọn ọmọ yunifásítì LASU. Ẹ wá kó àwọn kọ̀ntéénà tó ń ti èbúté Apapa àti Tin Can já sí Mile 2 lé e, kí ẹ kó táńkà epo tiwa náà lé e. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń gbà, ẹ tún ní ká gbé kúlà wa wá sí i lọ́jọ́ ọdún, lọ́jọ́ tí gbogbo alága àdúgbò l'Ékòó rò ó bí ẹ ṣe rò ó.

Ní 2009 ni ìjọba Fáṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà yìí lójú sí ìlà mẹ́wàá, pé ojú irin máa gba àárín rẹ̀ dé Okokomaiko. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń jókòó ṣe WAEC báyìí. Kì í ṣe pé wọn ò ṣiṣẹ́ o. Ẹni tó bá mọ bí Mile 2 ṣe rí nígbà kan á gbà pé nǹkan yàtọ̀. Àmọ́ ibì kan dán, ibì kan ò dán, ibi tí kò dán yẹn ló sì máa ń bá àkókò ìgbafẹ́ wa mu.

Àtijọ́ sì ni ọ̀rọ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ l'Ékòó. Fẹlá ti kọrin "Go Slow" ní 1972, kí àlejò kankan tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé ní Festac Town fún àjọ̀dún FESTAC ti 1977. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wakọ̀ nígbà yẹn lẹ sọ fún mi pé ìjọba ológun pàṣẹ kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì jáde lónìí, kí èyí tí kò ṣeé pín jáde lọ́la. Kí ni àwọn olówó Èkó ṣe? Wọ́n lọ ra ọkọ̀ kejì. Gómìnà Jákàńdè ní kí wọ́n jẹ́ ká kúkú gun ọkọ̀ ojú irin, wọ́n fi ìpìlẹ̀ Metroline lélẹ̀ ní 1983. Buhari gbàjọba nínú aṣọ ológun, ìjọba rẹ̀ wọ́gi lé e. Ó wá di January 24, 2023. Ta ló wá sí Marina wá ṣí ọkọ̀ ojú irin Blue Line? Buhari kan náà ni, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ààrẹ tí a dìbò yàn. Bí wọ́n bá gbé e ṣe nínú fíìmù, a máa ní òǹkọ̀wé náà ti ń ṣe àṣejù.

Mo gbọ́ pé àwọn ìyá kan ti ń dá a lábàá pé tí Badagry ò bá ṣeé ṣe, ká lọ sí ọgbà ìṣeré Hi-Impact Planet lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbọ́ tiwọn. Láti ibí yìí, a máa gba Mile 2, a máa gba Oshodi, a máa gba Berger, ká tó kan Kara, níbi tí màlúù àti ọkọ̀ ti jọ ń jà sí ọ̀nà. Àwọn kan tún ní La Campagne Tropicana ní Ìkẹ́gun, lápá Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí. Ibẹ̀ dára púpọ̀, ó ti wà láti 1984, ṣùgbọ́n odindi Èkó ló wà láàárín wa àti ibẹ̀. Ẹ sì rántí Landmark Beach ní Victoria Island, tí wọ́n wó nínú rẹ̀ ní 2024 nítorí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Calabar. Àwa ń wá ọ̀nà lọ sétí òkun, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló lọ gba etí òkun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí dé rèé. Ẹ mọ àwọn tó ń gbé ní Lẹ́kkí àti Ìkòyí, tí wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní àwọn jẹ́tì ìhà ibẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú jígí dúdú lójú? Ilashe ni wọ́n ń lọ. Ibeshe ni wọ́n ń lọ. Inagbe ni wọ́n ń lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ wo ni àwọn ibi wọ̀nyẹn wà? Amuwo-Odofin ni! Tiwa ni! Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí ẹ ń bá jà nítorí gọ́tà. Àwọn ẹlòmíràn ń kọjá ọ̀sà wá gbafẹ́ lẹ́yìnkùlé wa, àwa ń gba iwájú ilé jáde lọ tò sẹ́yìn táńkà.

Mo sì mọ ìdí tí ẹ ò fi fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ omi. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni yín. Ọmọ Ẹ̀pẹ́! Ìlú ẹlẹ́ja! Bàbá yín fi ọkọ̀ ojú omi tọ́ yín dé yunifásítì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ níbi ìkómọ. Síbẹ̀, nígbà tí a lọ sí ìsìnkú kan lódì kejì omi, gbogbo wa rí i bí ẹ ṣe di okùn láífù jákẹ́ẹ̀tì mú lọ́wọ́ méjèèjì, tí ẹ ń bi ọmọdékùnrin tó ń tukọ̀ pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ẹ ò jẹ̀bi pátápátá. Omi ò ṣeé bá ṣeré, ọkọ̀ ojú omi sì ti dànù rí l'Ékòó, tó pa èèyàn. Ẹ jẹ́ ká fi òfin yín dè é nígbà náà: láífù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn gbogbo èèyàn títí kan awakọ̀, kò sí àpọ̀jù èrò, kò sí ìrìn òru, kò sí ìrìn bí òjò bá ṣú. Alága tó lè fi òfin de ariwo jẹnẹrétọ̀ lè fi òfin de ọkọ̀ ojú omi.

Bí ẹ bá wá kọ omi jálẹ̀, ojú irin wà. Blue Line ti ń gbé èrò láti September 4, 2023, láti Mile 2 dé Marina, 13 kìlómítà, ibùdókọ̀ márùn-ún péré. Kẹ̀kẹ́ máa gbé wa dé Mile 2. A máa rí ìyà díẹ̀ níbẹ̀, n ò purọ́, torí títí wọ́n á fi nà án dé Alakija, a ò tíì bọ́. Tí a bá ti fi káàdì Cowry wọlé tán, ó parí nìyẹn: kò sí táńkà, kò sí ẹni tí ń ta gálà. Àwọn ọmọ á máa wo márosẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n á sì máa ka àwọn tí kò gbọ́n.

Ẹ lè sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ National Theatre, tó ti ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká báyìí. Àjọ̀dún kan náà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ Festac ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé yẹn, bẹ́ẹ̀ ọmọ Festac tí kò tíì débẹ̀ rí pọ̀. Tàbí kí ẹ bá wọn dé Marina, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Onikan, níbi gbọ̀ngàn àṣà Yorùbá tí wọ́n fi sọrí John Randle. Dókítà Randle yìí ló kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ ní 1928, láyé òyìnbó, kí ọmọ Èkó lè ríbi kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ti tún un kọ́. Ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ lọ bèèrè ìgbà tí wọ́n ń gba èèyàn wọlé síbi omi náà, torí ọmọ ọdún mẹ́fà kan wà ládùúgbò wa tí ìjọba gbogbo jẹ ní gbèsè.

Mo ti ronú lórí ìdí tí ẹ fi takú sórí márosẹ̀ yìí, mo sì rò pé mo ti rí i. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Volks, nígbà tí ọkọ̀ ò lọ síwájú, tí kò lọ sẹ́yìn? Ẹ dìde láàárín bọ́ọ̀sì, ẹ yọ ìwé jáde lápò, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn tó jẹ owó sẹkiúrítì. Kò sẹ́ni tó lè ní òun fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Kò sẹ́ni tó lè ní ọkọ òun ò sí nílé, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Ẹ gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ ojúlé kejìlá, ojúlé tí ẹ ti ń lé kiri láti ìgbà òjò. Àwa rò pé ìgbafẹ́ la lọ, ìpàdé gbogbogbòò lẹ kó wa lọ ṣe.

Ọkọ̀ ojú irin yá jù fún irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ ò tíì pe orúkọ dé ojúlé kẹrin, a ti dé Marina.

Ẹ jẹ́ ká dúnàádúrà báyìí. Èmi máa bá yín gba owó sẹkiúrítì lójúlé-ojúlé lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, títí kan ojúlé kejìlá. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe oníbọ́ọ̀sì yẹn lálẹ́ òní, kí ẹ gba owó àsansílẹ̀ tí ẹ fún un padà kó tó ná an.

Èmi ni àbúrò yín,
ojúlé kẹjọ, tó ti san owó sẹkiúrítì tirẹ̀.